Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Òórùn Ìbàdàn Wọ Ilé Yín

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí lemọ́lemọ́. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè, èyí tó wà ní Houston béèrè, ẹni tó wà ní Lẹ́kí níbí náà tún béèrè: kí ni mo lè pò tí yóò máa ta sánsán nínú yàrá mi, tí n ó gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ọkàn mi yóò sì lọ sílé? Lọ́fíńdà ilé tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lára wà lọ́jà, àmọ́ òdòdó àti fàníílà ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lè po tiyín. Kò le, ṣùgbọ́n ó ní ètò.

Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú: odindi ìlú kì í wọ inú ìgò. Wákàtí kan nínú ìlú ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú Ìbàdàn, mo kó kòkó, èéfín, ọṣẹ dúdú, ewé, ọsàn àti tùràrí pọ̀ sójú kan, torí gbogbo wọn ni mo rántí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ṣí fèrèsé kí òórùn náà tó jáde. Kì í ṣe pé èyíkéyìí nínú wọn burú. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò
- Ìgò onígíláàsì dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, ti mílílítà 10, mẹ́ta sí márùn-ún
- Dírọ́pà, ọ̀kan fún òróró kọ̀ọ̀kan
- Ìwé funfun tó nípọn díẹ̀, tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́
- Òṣùwọ̀n ìdáná kékeré tó lè wọn gíráàmù
- Òróró olóòórùn méje tí n ó dárúkọ nísàlẹ̀
- Àpáàdì kan. Bẹ́ẹ̀ ni, àfọ́kù ìkòkò amọ̀. Òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹrù yìí.

Ní Èkó, ẹ máa rí ọtí lọ́fíńdà, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ń po lọ́fíńdà, àti àwọn nǹkan èlò rẹ̀ ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́ta. Àwọn tó wà lókè òkun lè ra gbogbo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣọ́ra níbi òróró. Méjì ni wọ́n: èyí tí wọ́n yọ lára ewé, igi tàbí gbòǹgbò fúnra rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ kó lè jọ ọ́. Àwọn méjèèjì wúlò, àmọ́ owó wọn ò dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èkejì fún yín ní owó èkínní. Mo ti ra òróró ewé tíì rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó jẹ́ pé òróró ìdáná ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ nìyí: ẹ kán ẹyọ kan sórí ìwé funfun, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òróró ewé tíì tàbí ti ọsàn tó jẹ́ ojúlówó á fò lọ, kò ní fi àbàwọ́n tó ń dán sílẹ̀. Bí ìwé náà bá rí bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà, wọ́n ti fi òróró mìíràn là á. Vetiver (òróró gbòǹgbò koríko kan) àti patchouli (òróró ewé kan) máa ń fi àwọ̀ sílẹ̀ ní tiwọn torí wọ́n wúwo, nítorí náà ẹ má fi ìdánwò yìí dá wọn lẹ́jọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan wákàtí kan

Ẹ má sọ pé "Ìbàdàn". Ẹ sọ pé "Bódìjà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n ń já ata sílẹ̀ nínú ọkọ̀". Tàbí "ẹ̀gbẹ́ àwọn onípákó, nígbà tí ẹ̀rọ ń la igi". Tàbí "àárọ̀ ọyẹ́, tí ojú ọ̀run funfun, tí wọ́n ń sun koríko lẹ́yìn ilé". Bí ẹ bá ti lè sọ àkókò, ibi, àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Èyí tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ìrọ̀lẹ́ òjò àkọ́rọ̀. Oṣù Kẹta ni, aago mẹ́rin ń lọ lù. Oòrùn ti na àwọn páànù àdúgbò Bẹẹrẹ láti àárọ̀, àwọn páànù pupa tó ti dípàtà tí gbogbo ayé fi mọ Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, eruku dìde, ẹni tó sá aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀kán òjò ńláńlá wá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ò tíì tutù tí òórùn náà ti dé: ilẹ̀ pupa, páànù gbígbóná, pákó láti ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, ewé tíì tí òjò ń lù lẹ́bàá ògiri, àti èéfín igi láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ro àmàlà tó sì ń wá bí yóò ṣe gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ rárá. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ó tán.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni à ń wá.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lọ gbọ́ ọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

1. Ẹ lọ síbẹ̀ láìfi lọ́fíńdà sára, kí ẹ má sì jẹun tó ní àlùbọ́sà tàbí ata púpọ̀ kí ẹ tó lọ.
2. Ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ di ojú. Ẹ má rìn kiri, imú tó ń rìn kì í gbọ́ nǹkan tó jinlẹ̀.
3. Ẹ kọ bí ó ṣe rí kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ó gbẹ? Ṣé ó kan? Ṣé ó ta, àbí ó tutù, àbí ó wúwo? "Pákó" kò tó. "Gbígbẹ, ó fẹ́ dùn, bíi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́" ló máa ràn yín lọ́wọ́ níwájú ẹni tó ń ta òróró.
4. Ẹ kọ èyí tó kọ́kọ́ dé imú yín, àti èyí tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò níbẹ̀.
5. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn ní wákàtí kan náà. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni ti ìlú. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, àlejò ni.

Ẹni tó wà lókè òkun tí kò lè wálé, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pe àgbàlagbà kan nílé. Ẹ má béèrè pé "Màmá, báwo ni òórùn Ìbàdàn ṣe rí?" Wọn ò ní mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ohun kékeré: "Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí ni ẹ máa ń gbọ́?" Nígbà tí mo bi ìyá mi, wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n ní, "Àmù tuntun. Àmù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí." Gbólóhùn yẹn ló tún gbogbo iṣẹ́ mi ṣe, ẹ máa rí i ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé e kù

Ó ṣeé ṣe kí ìwé yín ti kún. Ẹ yan ohun márùn-ún, ó pọ̀ jù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá òróró tó lè dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe pín tèmi nìyí:

- Ilẹ̀ pupa tí òjò lù: vetiver, tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò koríko kan, pẹ̀lú patchouli. Vetiver ni ilẹ̀, patchouli ni ọ̀rinrin.
- Pákó: cedarwood, òróró igi kédárì.
- Ewé tíì: òróró ewé tíì fúnra rẹ̀. Lókè òkun, lemongrass ni kí ẹ béèrè.
- Afẹ́fẹ́ tútù tó ṣáájú òjò: ọsàn wẹ́wẹ́.
- Ọlọ́bẹ̀ àti alágbo lẹ́bàá ọ̀nà: kànáfùrù, díẹ̀ báyìí.
- Kòkó: ẹ̀kán kan péré. Owó kòkó ló kọ́ ilé gogoro tó wà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. N kò lè po òórùn Ìbàdàn kí n má fi kòkó kan án.

Ohun tí mo yọ dùn mí ju ohun tí mo fi sí lọ. Èlùbọ́ kò ní òróró tó jọ ọ́, gbogbo ohun tí mo fi dán an wò ló ń rùn bí búrẹ́dì. Èéfín Micra, ọkọ̀ takisí wa, jẹ́ ti Ìbàdàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó jọ bẹntiróòlù sínú ilé. Òro ló wá dùn mí jù. Oríkì wa ló kúkú sọ ọ́: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ó wù mí kí òro wà nínú rẹ̀ nítorí oríkì yẹn. Àmọ́ èso òro kì í pọ́n nígbà òjò àkọ́rọ̀, kò sí nínú wákàtí tí mo yàn. Mo yọ ọ́. Bí ẹ bá ti yan wákàtí, ẹ tẹ̀lé e.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi àpáàdì ṣe òdiwọ̀n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń po "òórùn òjò" láti inú ìrántí, ìrántí sì máa ń fi ṣúgà sí nǹkan. Ẹ nílò ojúlówó rẹ̀ níwájú yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú ò rí wà nínú ilẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní Streptomyces, wọ́n sì ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ geosmin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òróró láti ara ewé náà ń kóra jọ sínú eruku àti òkúta. Bí ẹ̀kán òjò bá bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń há afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á ru gùdù sókè bíi ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á sì fọ́n òórùn náà sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí òjò kejì àti ìkẹta kì í fi í ta bíi ti àkọ́kọ́. Geosmin yìí náà ló ń mú kí bíìtírúùtù máa rùn bí ilẹ̀.

Amọ̀ sísun ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ wá àfọ́kù ìkòkò tàbí àmù tí wọn ò kùn, tí kò dán. Àfọ́kù ìkòkò òdòdó tó pupa náà dára, àwọn ará Peckham.
2. Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án o, amọ̀ á mu ún, ọṣẹ ni ẹ ó sì máa gbọ́.
3. Ẹ sá a sóòrùn gangan fún ọjọ́ mẹ́ta. Níbi tí kò bá ti sí oòrùn, ẹ gbé e sínú óófù ní 120°C fún wákàtí kan.
4. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.
5. Ẹ kán omi ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ gbé e sún mọ́ imú lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí, àmì omi náà ń parẹ́ lójú mi, amọ̀ ń mu ún pẹ̀lú ariwo kékeré bíi ti ẹni tó ń pòṣé lábẹ́lẹ̀, òórùn náà sì jáde. Àmù tuntun ni lóòótọ́. Ìyá mi ò parọ́.

Ẹ tọ́jú àpáàdì yẹn. Gbogbo ohun tí ẹ bá pò, òun ni ẹ ó fi wé. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè wá mitti attar, òróró tí wọ́n ń ṣe ní Kannauj lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Amọ̀ sísun ni wọ́n ń sè nínú omi, tí wọ́n á wá gba ooru rẹ̀ sínú òróró igi sandalwood. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó jọ òjò ju vetiver lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi rọ́pò ìdajì vetiver inú àpòpọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Pípò

Ẹ ka àwọn òróró yín sí irú èèyàn mẹ́ta. Asáréwọlé ni ewé tíì àti ọsàn: òun ni ẹ kọ́kọ́ ń gbọ́, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ajókòó ni kànáfùrù. Onílé ni vetiver, patchouli, cedarwood àti kòkó: wọ́n á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àpòpọ̀ tó bá jẹ́ asáréwọlé nìkan á dùn fún ìdajì wákàtí, kò ní sí nǹkan mọ́. Èyí tó bá jẹ́ onílé nìkan á dì bí yàrá tí wọn ò ṣí.

Àpòpọ̀ mi nìyí, ẹ̀kán 20:

- Vetiver: 5
- Cedarwood: 4
- Patchouli: 4
- Ewé tíì: 3
- Ọsàn wẹ́wẹ́: 2
- Kànáfùrù: 1
- Kòkó: 1

Bí ẹ ó ṣe ṣe é:

1. Ẹ má tíì po nǹkan kan. Ẹ ki ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan bọ òróró kọ̀ọ̀kan, ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ sọ́wọ́ kan, ẹ máa fì wọ́n níwájú imú. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ tún fì í. Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ èyí tó ń pariwo jù kí ẹ tó fi òróró ṣòfò.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ onílé. Vetiver, cedarwood, patchouli. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbọ́ ọ. Ṣé ilẹ̀ ti wà níbẹ̀?
3. Ẹ fi kànáfùrù ẹyọ kan sí i. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ gbọ̀n níbí. Ẹ̀kán méjì ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di ilé oníṣègùn eyín.
4. Ẹ wá fi ewé tíì àti ọsàn sí i, kí ẹ fi kòkó kádìí rẹ̀.
5. Ẹ kọ iye ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sára ìgò pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí, kì í ṣe tó bá yá. Mo ti po èyí tó dára jù láyé mi rí, n kò sì mọ bí mo ṣe pò ó títí dòní.
6. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún wákàtí 48. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dájọ́ rẹ̀. Òróró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò máa ń jà. Ó dára kó lo ọ̀sẹ̀ méjì.
7. Ẹ kán omi sí àpáàdì tó gbẹ, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ wá gbọ́ ìgò yín. Kí ni ìgò ní tí àpáàdì ò ní? Kí ni àpáàdì ní tí ìgò ò ní?

Bí imú bá sú yín, tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ jáde síta, tàbí kí ẹ fi imú kan ìgbọ̀nwọ́ yín. Òórùn ara yín lásán máa ń tún imú ṣe. Ẹ ò nílò kọfí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń gbé kalẹ̀.

Bí kò bá rí bó ṣe yẹ:

- Ó ta jù, ó ń rùn bí ọṣẹ ìfọlẹ̀: ewé tíì pọ̀ jù. Ẹ dín in kù sí 2, ẹ fi cedarwood 1 kún un.
- Ó dì, ó ń rùn bí àjà ilé: patchouli ni. Ẹ dín in kù sí 2, ẹ fi ọsàn kún un.
- Ó ń rùn bí bisikíìtì: ẹ yọ kòkó kúrò pátápátá. Kò pọn dandan.

Ẹ̀kán 20 tó nǹkan bíi mílílítà kan. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó púpọ̀, ẹ má máa ka ẹ̀kán 200, ojú yín á ṣì. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: ohun tó jẹ́ ẹ̀kán 5 nínú 20 di gíráàmù 5 nínú 20, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìpín á yẹ̀ díẹ̀ torí ẹ̀kán òróró kan wúwo ju òmíràn, nítorí náà ẹ tún un gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ibi tí ẹ máa dà á sí

### Èyí tí a ń fọ́n

Fún ìgò mílílítà 100: ẹ da mílílítà 5 àpòpọ̀ sínú mílílítà 75 ọtí lọ́fíńdà. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó fi mílílítà 20 distilled water tí ilé ìpoògùn ń tà kún un, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ọtí kún un.

Ẹ má lo methylated spirit, ó ní methanol tó jẹ́ májèlé, òórùn rẹ̀ náà ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n tún máa ń bi mí nípa ògógóró. Omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, òróró ò ní pòórá sínú rẹ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀.

### Àbẹ́là

1. Ẹ wọn gíráàmù 200 ìda sóyà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ẹ má gbé ìda sórí iná tààrà.
2. Bó bá dé nǹkan bíi 80°C, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da gíráàmù 12 àpòpọ̀ sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì láìsáré.
3. Ẹ lẹ òwú mọ́ ìdí gíláàsì tó nípọn, ẹ dà á nígbà tó bá sún mọ́ 60°C.
4. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tàn án. Ẹni tó bá tàn án lọ́jọ́ kejì máa ń sọ pé kò ta. Kò tíì gbó ni.
5. Ẹ gé òwú kù sí mìlímítà 5. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ́ kan etí gíláàsì kí ẹ tó pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gbẹ́ ihò sí àárín.

Ọsàn kì í pẹ́ nínú àbẹ́là. Ẹ fi ewé tíì ẹ̀kán kan rọ́pò ọsàn ẹ̀kán kan.

### Tùràrí

Èyí ló dára jù fún ẹni tí iná mànàmáná ò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì fẹ́ kí òórùn wọ aṣọ. Ẹ gba gíráàmù 100 èérún igi tó gbẹ dáadáa, ẹ po ṣíbí ńlá oyin méjì mọ́ ọn, kí ẹ da mílílítà 6 àpòpọ̀ sí i, pẹ̀lú ìwọ̀nba kànáfùrù lílọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rà á títí yóò fi kan gbogbo rẹ̀. Ẹ dé e pa sínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta bá gbé ti tó lórí ẹ̀yinná kan.

Ẹ má gba èérún pákó lọ́wọ́ kápẹ́ńtà láìbéèrè irú pákó tó jẹ́. Wọ́n máa ń fi oògùn sí pákó mìíràn kí ikán má baà jẹ ẹ́, púláíwúùdù sì ní gọ́ọ̀mù nínú. Èéfín àwọn yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú.

### Ẹni tí kò fẹ́ ra òróró kankan

Ẹ gbé omi lítà kan àbọ̀ kaná. Ẹ kó ewé tíì ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ewé efinrin mẹ́rin tàbí márùn-ún, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, kànáfùrù mẹ́ta, àti èèrù kan tí ẹ fọ́. Bó bá hó, ẹ dín iná kù gan-an. Ẹ máa bu omi kún un ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, ẹ má sì jáde nílé fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ kò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n inú àgbàlá ìyá wa ló wà.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Òróró àgbọn nínú ìgò onígi tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ìgò tí wọ́n ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ kó lè fa òórùn sókè. Òróró ìdáná wúwo, kò lè gun igi yẹn. Ẹ ó dúró títí, yàrá ò ní gbọ́ nǹkan kan.
- Kí òórùn "má lọ rárá". Imú yín ti mọ́ ọn ni. Àlejò tó bá wọlé á gbọ́ ọ kíákíá. Ẹ má máa rọ òróró kún un.
- Ìgò ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òróró kànáfùrù àti ti ọsàn lè jẹ ike. Gíláàsì ni kí ẹ lò.
- Gbígbé ìgò sójú fèrèsé tó ń gba oòrùn. Ó rẹwà fún fọ́tò, ṣùgbọ́n òróró ọsàn á bàjẹ́.

## Ìkìlọ̀

Ẹ dákun, ẹ ka apá yìí tán.

- Ẹ̀yinná nínú yàrá tí wọ́n tì pa ń pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ májèlé tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, tùràrí ò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ìkòkò tùràrí jáde kí ẹ tó sùn. Kò sí àfi.
- Ọtí lọ́fíńdà ń gbiná. Ẹ má fọ́n ọn nítòsí sítóòfù, àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀.
- Bí ìda bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Ẹ fi ọmọrí bò ó, ẹ pa iná ìdáná.
- Ẹ má fi òróró tí a kò là sára, pàápàá kànáfùrù àti ewé tíì. Wọ́n ń jó awọ ara.
- Bí ẹnì kan bá ní ikọ́ fée nínú ilé, bí ọmọ ọwọ́ bá wà, tàbí bí ẹ bá lóyún, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ná. Ẹ fi èéfín sílẹ̀ pátápátá.
- Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òróró wọ̀nyí. Níbi tí ológbò bá wà, ẹ má lò ó nínú yàrá tó ń sùn.

## Bí kì í bá ṣe Ìbàdàn

Ètò kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ Abẹ́òkúta lè bẹ̀rẹ̀ láti Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ: aṣọ tuntun, sítáàṣì, òkúta tí oòrùn ti pa. Ẹ má gbìyànjú ìkòkò aró fúnra rẹ̀, òórùn rẹ̀ le ju ti inú ilé lọ. Èkó le díẹ̀, nítorí iyọ̀ òkun kò ní òróró. Ẹ yan etí ọ̀sà kan láàárọ̀, kí ẹ fi vetiver díẹ̀ àti ọsàn púpọ̀ ṣe é.

## Ọ̀nà tí èmi fúnra mi ń lò jù

Mo fi í sí ìparí torí ó kéré, ẹ má sì fojú kéré ẹ. Àpáàdì yẹn náà ni. Bí mo bá ti sá a gbẹ, mo máa ń gbé e sínú àwo tánńganran kan, kó má baà ba ojú tábìlì jẹ́, n ó sì kán àpòpọ̀ ẹyọ mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó rí hágahàga. Amọ̀ á mu ún, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ti ìka bọ omi, n ó sì wọ́n ọn sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.